Dókítà Tí Kì í Wo Orúnkún

Àwọn ará Kétu gbọ́ pé dókítà dé.
Ìyá Abíálà fa ìró sókè lẹ́nu Àkàbà Ìdènà:
"Ọmọ mi, wo orúnkún yìí, kò jẹ́ n sùn."
Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀,
ó ní, "Ìyá, ó wú."
Gbogbo ìwòsàn tó mọ̀ nìyẹn.

Èmi tí mò ń tún alùpùpù ṣe ni wọ́n wá bi:
iṣẹ́ wo ni Àwẹ̀ró ń ṣe gan-an?
Mo ní, ìṣirò.
Ìṣirò kí ni? Owó, àbí àgbàdo?
Mo ní, awọ.
Èyí tó yí ẹyọ ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká,
tó fẹ́lẹ́ débi pé tí ẹ bá to ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rẹ̀ léra,
kò tíì nípọn tó ìwé ìròyìn tí ẹ fi ń di àkàrà.
Wọ́n ní mo ń parọ́.

Inú abọ́ ló ti kọ́ mi.
Ó bu omi, ó kán epo pupa sí i.
Epo kì í bá omi ṣọ̀rẹ́.
Ṣùgbọ́n ohun kan wà, ó ní, tí orí rẹ̀ jẹ́ ọmọ omi,
tí ìrù rẹ̀ jẹ́ ọmọ epo.
Báwo ni irú wọn yóò ṣe gbé inú odò?
Wọn a tò ní ìlà méjì,
ìrù kọjú sí ìrù, orí kọjú síta,
bí ilẹ̀kùn méjì ìdènà wa,
ọ̀kan ń wo igbó, ọ̀kan ń wo ààfin,
òkùnkùn wà láàárín wọn.
"Odi ìlú ni," mo ní.
"Rárá. Odi kì í ṣàn. Èyí ń ṣàn bí òróró,
síbẹ̀ ó ń ṣọ́lé."
Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Agbára mélòó ni awọ náà ń ná kó tó tẹ̀?
Kí ló dé tí ẹyọ ẹ̀jẹ̀ fi jin láàárín
bí ìrọ̀rí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbórí kúrò lórí rẹ̀?
Ọdún mẹ́rin ní ìlú yìnyín, ó gboyè.
Wọ́n ní kó dúró. Kò dúró.
Ó padà sí yunifásítì tí iná ń kú lọ́sàn-án,
tí ewúrẹ́ ń jẹ ìwé ìkéde lára ògiri.
Lójú ewé kẹtàdínlógún, àmì àyọkúrò kan sọnù.
Ọdún méjì! Ọdún méjì ló fi wá a,
awọ tó yẹ kó tẹ̀ ń le gbọnrangandan,
títí Ọdúnlámì, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀,
fi ìka kan ibẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, Mà..."
Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í jó níbi ìgbéyàwó,
ó jó.

Àwọn ará ilé ní nítorí Bánjókòó ni,
àbíkẹ́yìn wa, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé,
tó ń ké egungun, egungun,
títí di òwúrọ̀ kan nígbà ọyẹ́.
Mo bi í. Ó ń fi èékánná ha tábìlì.
"Ì bá wù mí kó rí bẹ́ẹ̀," ó ní.
"Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn ló rẹwà. Mo tẹ̀lé e.
Nígbà tí mo débẹ̀ ni mo bá Bánjókòó,
tó ti jókòó dè mí."

Ó fẹ̀yìn tì lóṣù tó kọjá.
Àpótí ìwé mẹ́jọ, ààbọ̀ páálí ṣọ́ọ̀kì.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi alùpùpù lọ kó wọn.
Lánàá, ó jókòó ti Ìyá Abíálà lẹ́nu ìdènà,
ó ń fi omi gbígbóná àti àkísà jó orúnkún rẹ̀.
Ìyá ń sọ fún ẹni tó bá kọjá
pé òun ti mọ̀ tipẹ́ pé dókítà ni,
ojú ló kàn ń tì í.